Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Eré 100 Mítà Àwọn Ọkùnrin, Láti Pápá Ilé-Ìwé ní Àkúrẹ́

Olùkọ́ eré ìdárayá ni mí ní Àkúrẹ́. Bí sáà kejì bá ti wọlé, tí a bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹfun fa ìlà sórí pápá nítorí inter-house, ìbéèrè kì í tán lẹ́nu àwọn òbí àti àwọn ọmọ. Láti ọdún 2024 tí a ti wo àṣekágbá 100 mítà ti Òlíḿpíìkì Paris ni ìbéèrè náà ti di ìlọ́po. Mo kó wọn jọ síbí kí n má bàa máa dáhùn ohun kan náà ní ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé lójoojúmọ́, kí ẹni tí kò ráyè wá bá mi náà lè rí i kà.

Lyles àti Thompson, 9.79 ni wọ́n kọ fún àwọn méjèèjì. Kí ló dé tí wọn ò pín góòlù náà?

Èyí ni wọ́n ń bi mí jù. Ní alẹ́ Sunday, ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ ọdún 2024, Noah Lyles ti Amẹ́ríkà àti Kishane Thompson ti Jàmáíkà jọ wọlé pọ̀ ní Stade de France, ojú lásán kò sì lè yà wọ́n. Níbi tí a ti ń wò ó, àwọn kan ti ń pariwo Jàmáíkà kí orúkọ Lyles tó jáde lójú pátákó. Aago tí wọ́n fi ń dájọ́ kì í dúró sí ìdá ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá, ó ń kà dé ìdá ẹgbẹ̀rún. Lyles ṣe 9.784, Thompson ṣe 9.789. Tí a bá fi bí wọ́n ṣe ń yára tó lẹ́nu ìlà ìparí ṣírò ìyàtọ̀ yẹn, kò ju sẹ̀ǹtímítà 5 tàbí 6 lọ. Ẹ to ìka yín mẹ́ta pọ̀, kí ẹ wo ìbú wọn. Ohun tó wà láàárín góòlù àti fàdákà lọ́jọ́ yẹn kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó wá ku ìdí tí nọ́ńbà méjèèjì fi bára mu lójú pátákó. Ìdá ọgọ́rùn-ún ni òfin ní kí wọ́n kéde, bí nǹkan kan bá sì ṣẹ́kù lẹ́yìn rẹ̀, òkè ni wọ́n ń gbé e lọ. Wọn kì í gé e sọnù. Báyìí ni 9.784 ṣe di 9.79, tí 9.789 náà sì di 9.79. Ẹni tó bá mọ òfin yìí kò ní sọ pé wọ́n ṣe màdàrú.

Àwọn kan tún gbé fọ́tò wá bá mi, wọ́n ní ẹsẹ̀ Thompson ló kọ́kọ́ dé ìlà. Ẹsẹ̀ kì í gba góòlù. Orí kò gbà á, ọwọ́ kò gbà á. Àyà, ìyẹn ara láti ìsàlẹ̀ ọrùn títí dé ìbàdí, ni wọ́n ń wò. Fọ́tò yẹn náà kì í ṣe irú èyí tí a máa ń yà níbi ìyàwó. Kámẹ́rà náà kò wo ibòmíràn ju ojú ìlà lọ, ó ń yà á ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kọ̀ǹpútà sì ń to àwọn àwòrán tẹ́ẹ́rẹ́ náà mọ́ ara wọn. Ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ àwọn asáré fi máa ń rí wọ́gọwọ̀gọ nínú rẹ̀.

Mo fẹ́ràn láti sọ nǹkan méjì mìíràn nípa eré yẹn fún àwọn ọmọ mi. Ní 30 mítà, Lyles ló gbẹ̀yìn nínú àwọn mẹ́jọ. Àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló sì wọlé kí ìṣẹ́jú àáyá 10 tó pé, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí nínú eré tí afẹ́fẹ́ kò ràn lọ́wọ́ ju òfin lọ. Ẹni kẹjọ ni Oblique Seville ti Jàmáíkà, pẹ̀lú 9.91. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025 ní Tokyo, Seville yìí kan náà sá 9.77, ó sì gba góòlù àgbáyé.

Ọmọ mi sá 10.4 ní inter-house. Ṣé kì í ṣe pé ó ti tó gbé lọ sókè òkun?

Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ dáhùn èyí, nítorí mo ti rí bí ó ṣe ń ba ọkàn àwọn ọmọ jẹ́. Wọn á fi 10.4 yin ọmọ ní Àkúrẹ́, yóò dé ibi tí aago gidi wà, aago á ní 11.7, ọmọ á sì rò pé òun ti ṣubú. Kò ṣubú rárá. Wọn ò wọn eré rẹ̀ dáadáa láti ìbẹ̀rẹ̀ ni.

Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín bóyá pápá náà pé 100 mítà. Nígbà kan, èmi àti akẹ́gbẹ́ mi kan mú téèpù lọ sí ilé-ìwé kan tí orúkọ rẹ̀ ti kàn pé àwọn ọmọ ibẹ̀ yára. Ojú ìlà tí wọ́n ti ń sáré láti ọdún pípẹ́, mítà 92 ni. Kò sẹ́ni tó fẹ́ tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n nígbà kan, ẹni tó wọ̀n ọ́n sì kúrú lẹ́sẹ̀. Ọmọ ilé-ìwé tó bá yára máa ń lò tó ìdá 9 nínú 10 ìṣẹ́jú àáyá láti sá mítà 8 tó kù yẹn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ẹni tó di stopwatch mú. Ẹnu ìlà ìparí ló dúró sí, mítà 100 sí ẹni tó ń fun fèrè tàbí tó ń yin ìbọn. Ohùn kì í dé lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń rìn ní nǹkan bíi mítà 340 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá jẹ́ pé ó gbọ́ kó tó tẹ aago, ọmọ ti sáré fún nǹkan bí ìdá 3 nínú 10 ìṣẹ́jú àáyá kí aago tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé èéfín ìbọn ni kó wò, kì í ṣe ìró. Níbi tí kò sí ìbọn, kí ẹni tó ń tú wọn sílẹ̀ ju ọwọ́ tàbí aṣọ pupa sísàlẹ̀ kí ẹni tó wà lókè lè rí i.

Bó bá tilẹ̀ jẹ́ pé ó wo èéfín, ìka rẹ̀ náà ní ìlọ́ra tirẹ̀. Bí ìbọn bá dún, ìka máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó tẹ, ṣùgbọ́n lẹ́nu ìlà ìparí, ojú ti rí ọmọ tó ń bọ̀, ìka á ti múra sílẹ̀ láti tẹ̀ ẹ́. Nítorí èyí ni àwọn tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ṣe máa ń fi 0.24 kún iye tí wọ́n fi ọwọ́ ká fún 100 mítà kí wọ́n tó fi wé ti aago oníná.

Ẹ wá ṣírò ti ọmọ yín. Ẹ mú 10.4, ẹ fi 0.24 kún un, ẹ fi ti ìró tó pẹ́ dé kún un, bí pápá bá sì ṣẹ́ mítà mélòó kan kù, ẹ fi ìyẹn náà kún un. Ó ṣeé ṣe kó wọ 11 gbọnrangandan, kó tilẹ̀ sún mọ́ 12. Mo rí ìyá kan tí ojú rẹ̀ yí padà nígbà tí mo ṣe ìṣirò yìí níwájú rẹ̀. Mo ní, "Ẹ má bọkàn jẹ́, mà. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó ń sá 11.7 lórí koríko, láìsí bàtà oníṣòó, láìsí ẹni tó kọ́ ọ bí a ṣe ń gbéra, ọmọ tó yẹ ká mú lójú ni." Ohun tí mo gbà gbọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n ń béèrè kí ènìyàn tó lè wọ 100 mítà Òlíḿpíìkì Paris tàbí ìdíje àgbáyé ti Tokyo láìgba ọ̀nà ipò tí asáré wà lágbàáyé, 10.00 ni. Kó yé wa bí ọ̀nà náà ṣe jìn tó, ká lè mọ bí a ṣe máa rìn ín.

Bí ẹ bá fẹ́ wọn ọmọ dáadáa, kò ní ná yín lówó púpọ̀. Ẹ yá téèpù lọ́wọ́ bíríkìlà tàbí sọ̀fíọ̀. Ẹ wá ènìyàn mẹ́ta, kí oníkálukú di stopwatch tirẹ̀. Bí aago méjì bá bára mu, ìyẹn ni kí ẹ mú. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá yàtọ̀ síra, èyí tó wà láàárín ni kí ẹ mú, ẹ má mú èyí tó dùn mọ́ yín jù. Fóònù tó lè ya fídíò tó ń lọ díẹ̀díẹ̀ náà wúlò púpọ̀: ẹ gbé e sí ọ̀gangan ìlà ìparí gẹ́lẹ́, kí ó má yẹ̀ sí ọ̀tún tàbí òsì, ẹ ó sì rí ẹni tí àyà rẹ̀ kọ́kọ́ kan ìlà. A ti fi parí ìjà láàárín háòsì aláwọ̀ ewé àti háòsì aláwọ̀ pupa lọ́dọ̀ wa.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń lé asáré kúrò lórí pápá nítorí pé ó ṣíwájú ìbọn lẹ́ẹ̀kan péré?

Òfin yìí le, mo sì mọ bó ṣe ń dun ẹni tó ń wò. Ní àṣekágbá Tokyo ti ọdún 2025, Letsile Tebogo ti Botswana, ẹni tó gba góòlù 200 mítà ní Paris pẹ̀lú 19.46, ṣíwájú ìbọn, wọ́n sì ní kó máa lọ. Ní ìdíje àgbáyé ti Daegu ní ọdún 2011, Usain Bolt fúnra rẹ̀ ló ṣe é. Yohan Blake gba góòlù náà pẹ̀lú 9.92.

Tẹ́lẹ̀, òfin kò le tó bẹ́ẹ̀. Ìgbà kan wà tí oníkálukú ní àǹfààní ẹ̀ẹ̀kan. Láti ọdún 2003, ẹ̀ẹ̀kan péré ni gbogbo wọn jọ ní, ẹni tó bá sì tún ṣe é lẹ́yìn náà ló ń lọ, ì báà má jẹ́ òun ló ṣe ti àkọ́kọ́. Àwọn kan wá ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣíwájú ìbọn kí ẹ̀rù lè ba àwọn yòókù. Láti ọdún 2010 ni wọ́n ti sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀kan, ó parí.

Ìbọn lè ti dún kí ènìyàn tó gbéra, kó sì jẹ́ pé ó ṣì ṣẹ̀. Irin tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tì ní ẹ̀rọ nínú tó ń mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Tí ẹsẹ̀ bá ti tẹ̀ ẹ́ kí ìdá 1 nínú 10 ìṣẹ́jú àáyá tó pé lẹ́yìn ìbọn, wọ́n gbà pé kò dúró gbọ́ ìbọn, ńṣe ló méfò. Ìró gbọ́dọ̀ wọ etí, kó dé ọpọlọ, kí ọpọlọ tó ránṣẹ́ sí ẹsẹ̀. Wọ́n tún máa ń gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sẹ́yìn oníkálukú, kí ẹni tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ìbọn má bàa gbọ́ ṣáájú ẹni tó wà lọ́nà jíjìn.

Lọ́dọ̀ wa níbí, mo máa ń jẹ́ kí àwọn ọmọ jókòó fetí sí fèrè lásán, láìsáré, kí ara wọn mọ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó wà láàárín "get set" àti ìró. Àwọn tó ń fún fèrè ní ilé-ìwé wa máa ń yára jù. Ẹ jẹ́ kí ọmọ dúró kó rọ̀, kí ẹ tó fun un.

Kí ni ti afẹ́fẹ́ tí wọ́n máa ń kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àbájáde?

Bí afẹ́fẹ́ bá ń ti asáré láti ẹ̀yìn ju mítà 2.0 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, góòlù jẹ́ góòlù, ṣùgbọ́n iye tó sá kò lè wọ ìwé àkọsílẹ̀. Ọmọbìnrin wa Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ló mú kí ọ̀pọ̀ Yorùbá mọ òfin yìí. Ní Eugene ní oṣù keje ọdún 2022, ó sá 100 mítà olódi, èyí tí wọ́n ti ń fo igi ìdènà, ní 12.12 níbi ìpele tó ṣíwájú àṣekágbá, ó sì di ẹni tó yára jù nínú eré náà láyé. Kò tó wákàtí mélòó kan tó tún sá 12.06 ní àṣekágbá. Afẹ́fẹ́ ti ìgbà yẹn jẹ́ 2.5, nítorí náà 12.12 ló wà nínú ìwé títí dòní. Eré Bolt, 9.58 ní Berlin ní ọjọ́ 16 oṣù kẹjọ ọdún 2009, afẹ́fẹ́ 0.9 péré ló wà níbẹ̀.

Inter-house wa sábà máa ń bọ́ sí ìgbà tí ọyẹ́ kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀ tán. Bí ẹ bá rí i tí erùpẹ̀ ń fò lọ síwájú àwọn asáré, ẹ má gba iye ọjọ́ yẹn gbọ́ tán.

Ta ló yára jù nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà?

Olusoji Fasuba. 9.85, ní Doha, ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún ọdún 2006. Títí ọdún 2025 fi parí, kò sí ọmọ Nàìjíríà ọkùnrin tó sá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìtàn ọjọ́ yẹn dùn ún gbọ́. Ipò kejì ni Fasuba gbà. Justin Gatlin ti Amẹ́ríkà ló ṣíwájú rẹ̀, wọ́n sì kéde 9.76, wọ́n ní ó ti yára ju gbogbo ayé lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n rí i pé 9.766 ni, pé òkè ló yẹ kí wọ́n gbé e lọ gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ṣàlàyé lókè, ó sì di 9.77. Nígbà tó yá, wọ́n fagi lé eré Gatlin náà pátápátá nítorí oògùn. Ti Fasuba wà níbẹ̀. Ní ọdún 2008, ó tún gba góòlù 60 mítà nínú ilé ní Valencia.

Kó tó dé, a ti ní àwọn akọni. Ní Barcelona ní ọdún 1992, ọmọ Nàìjíríà méjì, Olapade Adeniken àti Davidson Ezinwa, ló wà nínú àwọn mẹ́jọ tó sá àṣekágbá 100 mítà. Àwọn méjèèjì pẹ̀lú Chidi Imoh àti Oluyemi Kayode sì gba fàdákà 4x100 pẹ̀lú 37.98. Seun Ogunkoya sá 9.92 ní Johannesburg ní ọdún 1998. Ní Abuja, ní Ìdíje Gbogbo Áfíríkà ọdún 2003, Deji Aliu gba góòlù pẹ̀lú 9.95. Francis Obikwelu tó gba fàdákà ní Athens ní ọdún 2004 pẹ̀lú 9.86, ọmọ wa ni, ṣùgbọ́n Pọ́túgà ló sáré fún. Mi ò lè dá a lẹ́bi, ó sì ń dùn mí títí dòní.

Nísinsìnyí, Kayinsola Ajayi ni kí ẹ máa wò. Ó sá 9.88 ní Tokyo ní ọdún 2025, ó sì wọ àṣekágbá, ohun tí ọkùnrin Nàìjíríà kan kò tíì ṣe ní ìdíje àgbáyé láti ìgbà tí Fasuba ti ṣe ipò kẹrin ní Osaka ní ọdún 2007. Ipò kẹfà ni Ajayi ṣe. Ti Áfíríkà lápapọ̀, Ferdinand Omanyala ti Kẹ́ńyà ló ni ín: 9.77, ní Nairobi, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021.

Kí ló ṣe Enoch Adegoke ní Òlíḿpíìkì Tokyo ti ọdún 2021? A rí i tó ń sáré, a kò rí i mọ́.

Iṣan ẹ̀yìn itan ló já a kulẹ̀. Ó sá 9.98 nínú ìpele àkọ́kọ́ ní ọdún 2021, ó sì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó wọ àṣekágbá 100 mítà Òlíḿpíìkì láti ìgbà Ezinwa ní ọdún 1996. Nínú àṣekágbá, iṣan náà fà, kò lè parí rẹ̀. Ẹni ọdún mọ́kànlélógún ni nígbà náà.

Iṣan yìí ni ọ̀tá asáré. Ó máa ń já nígbà tí ẹsẹ̀ ń padà bọ̀ wálẹ̀ kánkán, pàápàá tó bá ti rẹ̀ ẹ́ tàbí tí ara kò tíì gbóná. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń bá àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi jà lórí ètò inter-house. Wọn á jẹ́ kí ọmọ jókòó lábẹ́ kánópì fún wákàtí mẹ́ta nítorí pé àlejò pàtàkì kò tíì dé, wọn á wá pè é lójijì pé kó wá sáré. Ẹ fún ọmọ ní ogún ìṣẹ́jú kó rìn, kó sáré jẹ́jẹ́, kó gbé orúnkún sókè, kó tó dé ìlà. Bí iṣan bá fa ọmọ yín, ẹ má fi báàmù pupa wọ́ ọ lọ́jọ́ náà. Ẹ jẹ́ kó sinmi, ẹ fi omi dídì sínú aṣọ lé e, ẹ gbé e lọ bá dókítà bó bá ń wú tàbí tí kò lè tẹ̀ ẹ́.

Ṣé léènì kìíní kúrú ju àwọn yòókù lọ?

Rárá o. Ní 100 mítà, ọ̀nà gbọọrọ ni, gbogbo wọn dọ́gba, ìbú oníkálukú sì jẹ́ mítà 1.22. Àárín ni wọ́n máa ń fi àwọn tó yára jù sí. Ní 200 àti 400 ni ìyípo wà, nítorí rẹ̀ ni ibẹ̀rẹ̀ wọn kì í fi í bára mu.

Wọ́n ní gígun Òkè Ìdànrè ló ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ yára. Òótọ́ ni?

Apá kan rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Ohun tó nira jù ní 100 mítà ni mítà 30 àkọ́kọ́, tí ènìyàn ń ti ilẹ̀ sẹ́yìn pẹ̀lú agbára, ara rẹ̀ sì tẹ̀ síwájú. Òkè ń kọ́ ara ní irú ìtì bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn Ìdànrè lé ní 600, ẹni tó bá gùn ún tán, mímí ló ti kọ́, kì í ṣe eré kúkúrú. Èyí tó dára jù ni ìdagẹ̀rẹ̀ kékeré, bíi mítà 30, irú èyí tó pọ̀ ládùúgbò wa káàkiri Àkúrẹ́ àti Oǹdó. Kí ó sá a sókè lẹ́ẹ̀mẹ́fà pẹ̀lú gbogbo agbára, kí ó sì fẹsẹ̀ rìn padà wálẹ̀, kí ó sinmi dáadáa láàárín rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó. Ẹ má ṣe é lójú títì tí ọ̀kadà ń gbà, mo bẹ̀ yín. Sísáré wálẹ̀ láti orí òkè ló ń ba orúnkún ọmọdé jẹ́, bó ti wù kó dùn mọ́ wọn tó.

Ṣé asáré gbọ́dọ̀ ga?

Bolt ga ní 1.95 mítà, ìgbésẹ̀ bíi 41 ló sì fi parí 100 mítà ní Berlin. Àwọn tó kúrú jù ú lọ dáadáa náà ti gba góòlù, ìgbésẹ̀ wọn ló pọ̀ jù. Ẹ má yọ ọmọ kúrò nínú eré nítorí gíga rẹ̀.

Ṣé kó jẹ iyán láàárọ̀ ọjọ́ eré kó lè lágbára?

Ọmọ Oǹdó ni ìyá tó bi mí léyìí, ó sì bi mí tọkàntọkàn. Iyán dára, ẹ jẹ́ kó jẹ ẹ́ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣíwájú, pẹ̀lú ẹja àti ọbẹ̀ tó mọ́yán lórí. Láàárọ̀ ọjọ́ eré, inú tó kún kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ gbéra. Kí ó jẹ oúnjẹ fúyẹ́ ní wákàtí mẹ́ta ṣáájú: ògì àti àkàrà díẹ̀, tàbí búrẹ́dì, tàbí ìrẹsì tí kò lọ́ràá púpọ̀. Bó bá kù díẹ̀ kó sáré, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan àti omi ti tó.

Àgbo ńkọ́? Àbí ohun mímu oní-agolo tó ń fúnni lágbára?

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyí. Òfin oògùn nínú eré sísá kì í béèrè bóyá ènìyàn mọ̀ tàbí kò mọ̀. Ohun tí wọ́n bá bá nínú ara rẹ, ìwọ ló ni ín. Ìgò àgbo tí kò sí ìwé lára rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè sọ ohun tó wà níbẹ̀. Àwọn tó ń ta á ní ìdíkọ̀ tilẹ̀ máa ń da ògùn òyìnbó mọ́ ọn. Ben Johnson ti Kánádà sá 9.79 ní Seoul ní ọdún 1988, wọ́n gba góòlù náà lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n sì gbé e fún Carl Lewis tó sá 9.92. Gbogbo ayé mọ orúkọ Johnson títí dòní, kì í ṣe nítorí eré rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ti àwọn ọmọ wa ní Tokyo ní ọdún 2021 yàtọ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n. Asáré Nàìjíríà 10 ni wọn kò jẹ́ kó díje. Kì í ṣe pé wọ́n bá oògùn lára wọn. Òfin ní kí wọ́n yẹ asáré orílẹ̀-èdè bíi tiwa wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta, láìsọ fún un tẹ́lẹ̀, láàárín oṣù mẹ́wàá tó ṣíwájú ìdíje, tiwọn kò sì pé. Ọmọ tó fi ọdún mẹ́rin gbáradì, ìwé tí kò pé ló dá a padà. Ó ń dùn mí gan-an.

Agolo tó ń fúnni lágbára? Fún ọmọ ilé-ìwé, rárá.

Ṣé kí n dín ọjọ́ orí rẹ̀ kù kó lè wọ ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́?

Ẹ má ṣe é, bí ẹni tó bá gbà yín nímọ̀ràn bá tilẹ̀ jẹ́ kóòṣì. Ìdíje àgbáyé àwọn tí kò tíì pé ogún ọdún wà fún ẹni tí kò ní pé ogún ọdún kí ọdún náà tó parí. Ní Nairobi ní ọdún 2021, Udodi Onwuzurike gba góòlù 200 mítà níbẹ̀ fún Nàìjíríà pẹ̀lú 20.21. Ọmọ tí ẹ bá dín ọjọ́ orí rẹ̀ kù, àwọn ọmọdé ni yóò máa nà, kò ní mọ ibi tí òun wà láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ títí tí yóò fi pẹ́ jù.

Aago mélòó ni a máa ń rí i wò níbí?

Ó dá lórí ibi tí ìdíje bá wà. Ti Paris bọ́ sí nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ti Tokyo ọdún 2025, ọ̀sán gangan ni, aago méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú, ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ẹ wá ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà ní ìmúrasílẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ni gbogbo rẹ̀, bí NẸ́PÀ bá mú iná lọ láàárín rẹ̀, ó ti tán. Àwọn tó kàn báyìí ni Ìdíje Commonwealth ní Glasgow láti ọjọ́ 23 oṣù keje ọdún 2026, ìdíje àwọn ọ̀dọ́ àgbáyé ní Eugene ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà, ìdíje àgbáyé ní Beijing ní ọdún 2027, àti Òlíḿpíìkì Los Angeles ní ọdún 2028.

Mo fẹ́ kí ẹ wo ọmọ mi. Kí ni kí n mú dání?

Ẹ mú ìwé ọjọ́ ìbí rẹ̀ gidi wá, omi mímu, bàtà tó bá ní, ì báà jẹ́ ti kánfáàsì, àti aṣọ tí kò fún un. Bó bá ní àìsàn ikọ́ fée, bó bá jẹ́ SS, tàbí tí ọkàn rẹ̀ bá ti yọ ọ́ lẹ́nu rí, ẹ sọ fún mi kó tó sá ìgbésẹ̀ kan. Ẹ má sọ iye tí wọ́n ní ó sá fún mi. Àárọ̀ kùtù Sátidé ni kí ẹ mú un wá, kí oòrùn tó mú. Èmi á ti na téèpù sílẹ̀.